Bí ẹ ṣe lè bá àwọn ọ̀dọ́ wo fíìmù olórin tó bọ́ lọ́wọ́ ìyà nílé ọkọ

Fíìmù ọ̀hún kò ṣòroó fi han àwọn ọmọ. Ìdajì wákàtí tó máa ń tẹ̀ lé e ló ṣòro. Bó ṣe sábà máa ń lọ nìyí: fíìmù á parí, àwọn ọmọ á máa nu ojú, ẹni tó ń darí ètò á gba máìkì, á ní, "Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ nílé wọn rí? Ẹ má bẹ̀rù, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wa níbí." Ọmọbìnrin kan á nawọ́. Á sọ ti bàbá rẹ̀. Àwọn yòókù á pàtẹ́wọ́ fún un. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dé Ọjà Ọba, ó ti ibẹ̀ dé etí bàbá náà. Ọmọ yẹn ló sì máa sùn nínú ilé náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kì í ṣe ẹni tó di máìkì mú.

Nítorí náà, ohun kan ló ṣíwájú gbogbo ohun tí ẹ máa kà níbí: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ìtàn ara rẹ̀ nínú yàrá tí a ti ń wo fíìmù. Ìtàn olórin nìkan la máa sọ níbẹ̀. Ẹni tó bá ní tirẹ̀, ibi kọ́lọ́fín la ti máa gbọ́ ọ, láti ẹnu rẹ̀ sí etí àgbàlagbà kan ṣoṣo, àgbà tó ti mọ ibi tó máa gbé ọ̀rọ̀ náà gbà kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Àwọn tíṣà, àwọn tó ń bójú tó ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, àtàwọn ẹgbẹ́ àdúgbò ní Òṣogbo la kọ ọ́ fún. Ọmọ ọdún 14 sí 18 ló wà fún. Ẹ má jẹ́ kí àwọn àbúrò wọn kéékèèké tẹ̀ lé wọn wọlé nítorí pé kò sẹ́ni tó máa bá wọn dúró sílé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á rí ìbẹ̀rù, kò ní rí ẹ̀kọ́.

Fíìmù wo ló dáa

Ẹ yan fíìmù tí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, tó ti kúrò nínú ewu kó tó sọ ọ́, tó sì fi ayé rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tó kúrò hàn dáadáa. Ẹ yẹra fún èyí tí àwọn òṣèré ti ń ṣe lílù náà lójú wa. Ọmọ tó ti rí i nílé kò nílò kí wọ́n tún un ṣe fún un, èyí tí kò sì rí i rí á kàn máa wò ó bí ìjà inú fíìmù lásán.

Èyí tí a máa fi ṣe àpẹẹrẹ ni fíìmù nípa ìgbé ayé Tina Turner tó jáde ní 2021. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì. Ẹ gbà á lọ́nà tó bófin mu, kí ẹ sì bèèrè bóyá àṣẹ tí ẹ rà gbà pé kí ẹ fi han ọ̀pọ̀ èèyàn, torí àṣẹ wíwò nílé kì í sábà kan èyí.

Àgbà tó máa darí gbọ́dọ̀ mọ ìtàn náà sórí, nítorí àwọn ọmọ á bèèrè. Anna Mae Bullock ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Nutbush, ìletò kan ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, ló ti dàgbà; wọ́n bí i lọ́jọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 1939. Ìyá rẹ̀ náà kó jáde nílé bàbá rẹ̀ nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 11. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó pàdé Ike Turner, olórin tó padà di ọkọ rẹ̀, ní ìlú St. Louis, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lẹ́yìn rẹ̀. Ike ló sọ ọ́ ní Tina ní 1960, ó sì fi òfin so orúkọ náà mọ́ ara rẹ̀, kó lè gbé e fún akọrin mìíràn bí èyí bá lọ. Ọwọ́ Ike ni owó wà. Ike ló ń yan orin. Ní oṣù keje ọdún 1976, ní ìlú Dallas, Tina sá jáde ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó sáré kọjá títì márosẹ̀, sẹ́ńtì 36 àti káàdì tí wọ́n fi ń ra epo mọ́tò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Máníjà hòtẹ́ẹ̀lì tó wà ní òdìkejì ló fún un ní yàrá. Ilé ẹjọ́ tú wọn ká ní 1978. Ó fi owó àti dúkìá sílẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní orúkọ òun. Ní 1984 ni àwo orin rẹ̀ tó gba ayé kan jáde, ọmọ ọdún 44 ni. Ó kú lọ́jọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ní Switzerland.

Láti 1976 sí 1984 jẹ́ ọdún mẹ́jọ. Gbèsè àwọn eré tí kò lè ṣe mọ́ wà lọ́rùn rẹ̀, ó jẹun lórí ìrànwọ́ oúnjẹ tí ìjọba ń fún àwọn aláìní, ó kọrin níbi tí kò tó ipò rẹ̀. Àwọn olùdarí ètò fẹ́ràn láti sáré kọjá ibẹ̀ kí wọ́n lè dé ibi tí èrò ti ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò bá rí ọdún mẹ́jọ yẹn á rò pé bí èèyàn bá ti jáde báyìí, ọ̀la ni ògo. Tí ìyá tirẹ̀ bá wá kó jáde, tí wọ́n ń gbé yàrá kan ní Òkè-Baálẹ̀ tí gààrì sì ń wọ́n wọn, á rò pé ìyá òun ṣi ọ̀nà ni.

Ohun kan tún wà nínú ìtàn yìí tó kan iṣẹ́ wa gan-an. Ní 1981 Tina jókòó pẹ̀lú akọ̀ròyìn kan, ó sọ gbogbo rẹ̀, kó lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n sì fi òun sílẹ̀. Wọn kò fi í sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibikíbi tó bá jókòó sí, Ike náà ni wọ́n ń bi í. Ẹ dá fíìmù dúró níbẹ̀, kí ẹ ní kí àwọn ọmọ wo ojú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bi í ní ìbéèrè. Èyí lẹ máa fi ṣàlàyé fún wọn ìdí tí ẹ kò fi ní bi ẹnikẹ́ni nínú wọn ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dá wò ó, lẹ́ẹ̀mejì

Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ kàn wò ó. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ mú ìwé àti báírò, kí ẹ ya ìwé náà sí ọ̀nà mẹ́ta: ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n sọ tàbí fi hàn, ohun tí ẹ máa ṣe. Nínú ọ̀nà kẹta, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré lẹ nílò: *jẹ́ kó lọ, dín ohùn, dá dúró, fò ó*. Níbi tí wọ́n bá ti ń ka àwọn ohun tí wọ́n fi lù ú, ẹ kọ *dín ohùn*. Ní 1968 Tina gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Níbi tí ìyẹn bá ti wọlé, ẹ kọ *fò ó*, tàbí kí ẹ kìlọ̀ ṣáájú kí ẹ sì má ṣàlàyé ọ̀nà tó gbà ṣe é fún ọmọ kankan, bó ti wù kó bèèrè tó.

Ìwé yìí ni ẹni tó jókòó ti láptọ́ọ̀pù máa dì mú lọ́jọ́ náà. Láìsí i, ó dájú pé ibi tó le jù lẹ máa wà nígbà tí ẹnì kan bá wọlé wá bèèrè ibi tí wọ́n tọ́jú omi sí.

Èdè náà ń dí àwọn ọmọ lọ́wọ́. Bí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì yára, ọmọ tó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa nílé ìwé lè máà gbọ́ ìdajì. Ẹ tan ọ̀rọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀ fíìmù, kí ẹ sì fi Yorùbá sọ kókó ọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dá a dúró.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé

Ọmọ 20 ti tó. Tó bá kọjá 25, ojú àgbà kò ní ká wọn mọ́. Àgbà mẹ́ta ni kó wà níbẹ̀, ó kéré tán: ẹni tó ń darí ọ̀rọ̀, ẹni tó wà nídìí láptọ́ọ̀pù, àti ẹni tó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí kò wo fíìmù rárá, tó ń wo ojú àwọn ọmọ. Ẹni kẹta yìí ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni wọ́n sábà máa ń yọ sílẹ̀. Obìnrin àti ọkùnrin ni kó wà nínú àwọn àgbà náà.

Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ìlera ní 2018 rí i pé nínú 100 obìnrin tó wà láàárín ọdún 15 sí 49 ní Nàìjíríà, 31 ni wọ́n ti lù tàbí fi ipá ṣe léṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọdún 15. Ẹ fi èyí wo yàrá ọlọ́mọ 20. Ẹ gbà pé àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ìtàn ilé wọn ni ẹ fẹ́ gbé sójú ògiri.

Ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn òbí ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Kó kúrú: fíìmù olórin kan tó jìyà tó sì borí, ọjọ́, aago, ibi tó máa ti wáyé, orúkọ àgbà tí wọ́n lè pè. Ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ìtàn náà ní ìjà tọkọtaya nínú. Ẹ kọ ọ́ bákan náà pé olórin náà di ẹlẹ́sìn Búdà, kí bàbá kan má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ kó sì wá bá yín jà nílé ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ "a fẹ́ mọ àwọn ọmọ tí wọ́n ń jìyà nílé" tàbí ohunkóhun tó jọ ọ́. Bàbá tó ń lu ìyàwó ló máa kọ́kọ́ ka lẹ́tà náà, ọmọ rẹ̀ kò sì ní wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwọn tí ẹ máa gbé ọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́. Ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn dé ọ́fíìsì wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀ yín, ti Òṣogbo ní Òkè-Baálẹ̀ tàbí ti Ọlọ́rundá ní Ìgbóńà, kí ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọdé àti nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ dé ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé ní Abẹ́rẹ́. Ẹ wádìí ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá bóyá ọlọ́pàá obìnrin wà tó ń gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Ní ọsibítù, ti ìjọba ní Asùbíàró tàbí ọsibítù ìkọ́ni ti UNIOSUN, ẹ béèrè ẹnu ọ̀nà tí ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ máa gbà. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì fún gbogbo Nàìjíríà; 627 ni ti NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò. Ẹ pe gbogbo nọ́ńbà tí ẹ bá kọ sílẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ ètò náà, kí ẹ gbọ́ ohùn ẹni tó gbé e. Nọ́ńbà tí kò lọ burú ju kí ẹ má fún ọmọ ní nọ́ńbà lọ, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọmọ tó ń bẹ̀rù máa ń pè.

Yàrá, iná àti ohùn

Ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, ló dáa jù. Gbogbo ọmọ á ti délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ dáa pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ; ìlú á kún, ìlù á máa dún káàkiri.

Ẹ má fọkàn tán iná NEPA. Bí ẹ bá ní ínfátà, òun ni kí ẹ lò, torí kì í pariwo. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni, ẹ gbé e sẹ́yìn ilé, kó jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, nítorí èéfín rẹ̀ ń pani láìní òórùn àkànṣe, kí ẹ sì fi wáyà gígùn fa iná wọlé. Ẹ gbé fíìmù sórí láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀, ẹ má gbára lé dátà. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí ọ̀rọ̀ le, tí yàrá sì ṣókùnkùn, àwọn ọmọ kan á bẹ̀rù ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí náà, ẹ gbé àtùpà oníbátìrì kan kalẹ̀ kó máa tàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Yàrá kò gbọdọ̀ ṣókùnkùn pátápátá lọ́nàkọnà.

Ẹ má to àga bí ti ilé ìwé. Ẹ tò ó bí òṣùpá, kí ọ̀nà ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Ẹ ya yàrá kejì sọ́tọ̀, pẹ̀lú ẹní, omi tútù àti àgbà kẹrin tó máa jókòó síbẹ̀ láì béèrè ohunkóhun. Ọmọ tó bá fẹ́ jáde kò ní tọrọ àyè. Sísọ "Níbo lò ń lọ?" fún ọmọ tó dìde ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú irú ètò yìí, ó ń sọ fún gbogbo yàrá pé ohun kan ń ṣe é.

Bí ọjọ́ náà ṣe ń lọ

Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó tẹ fíìmù. Ẹ lè sọ ọ́ báyìí: "Ẹ kú àárọ̀ o. Ìtàn obìnrin kan la fẹ́ wò, olórin ni, ọkọ rẹ̀ fìyà jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì jáde. Ẹ máa gbọ́ nípa lílù. Ẹ lè jáde nígbàkígbà, yàrá tó wà lápá ọ̀tún ni, Àǹtí wà níbẹ̀ pẹ̀lú omi. Níbí, ìtàn Tina nìkan la máa sọ, kò sẹ́ni tó máa sọ ti ilé rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bi ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀, àwa mẹ́ta yìí ni, a wà níbí títí di aago mẹ́ta." Ẹ gba fóònù gbogbo wọn sínú apẹ̀rẹ̀ kan. Ojú ọmọ tó ń sunkún kò gbọdọ̀ dé orí WhatsApp.

Ẹ pín fíìmù sí mẹ́ta: títí dé ìgbà tí Ike sọ ọ́ ní Tina, láti ibẹ̀ dé alẹ́ tó sá jáde, láti ibẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn apá kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 15. Ẹ má parí ọjọ́ lẹ́yìn apá kejì bó ti wù kí àyè há yín tó. Bí àyè bá há, ẹ gé apá kìíní kúrú.

Lẹ́yìn apá kìíní, ọ̀rọ̀ agbára ni kí ẹ sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ lílù. Ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ wọn bó ṣe wà lára àwo orin sí ara pátákó: Ike & Tina Turner. Ẹ wá bèèrè: orúkọ ta ló ṣíwájú? Ohùn ta là ń gbọ́? Ta ló ń gba owó? Ta ló ni orúkọ "Tina"? Ọmọ ọdún 15 á rí i fúnra rẹ̀ pé ìyà náà ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọwọ́ sókè. Ẹ sọ fún wọn pé òfin Nàìjíríà mọ èyí náà: òfin ìwà ipá sí ènìyàn ti ọdún 2015 kò dúró lórí lílù nìkan. Ó ka fífi owó de ènìyàn mọ́lẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ó ka yíyà á nípá kúrò lára ẹbí àti ọ̀rẹ́ sí i, ó ka lílé e jáde nílé sí i. Ẹni tó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún mẹ́ta jura. Àbújá ni òfin yẹn wà fún. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe tirẹ̀ ní 2021.

Lẹ́yìn apá kejì, ìbéèrè kan máa jáde, ó dájú bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́: "Kí ló dé tí kò fi tètè lọ?" Ẹ má bínú sí ọmọ tó bèèrè rẹ̀. Ẹ yí i padà fún wọn: kí lèèyàn nílò kó tó lè kúrò nílé kan? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á, kí ẹ máa kọ ọ́: owó ọkọ̀, ibi tó máa sùn, aṣọ ọmọ, owó ilé ìwé, ẹni tó máa gbà á gbọ́, fóònù tí ọkọ kì í yẹ̀ wò. Pátákó á kún. Ẹ wá nu gbogbo èyí tí Tina kò ní lóru ọjọ́ yẹn kúrò, kí wọ́n rí ohun tó ṣẹ́ kù: sẹ́ńtì 36, káàdì epo kan, máníjà kan tó ṣí ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ sọ ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà kò mọ̀: ìgbà tí obìnrin bá ń lọ àti ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni ewu máa ń pọ̀ jù, torí ìgbà náà ni agbára ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú. Kí ọmọ má ṣe lọ sílé lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé "ẹ kó jáde lónìí". Jíjáde nílò ètò: ẹni tó mọ̀, ìwé pàtàkì tó wà níta, owó díẹ̀, ibi tí wọ́n ń retí rẹ̀.

Ẹ sọ ti ẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn lílù, aṣọ tuntun lè wọlé, ìdọ̀bálẹ̀ lè wọlé, ẹkún lè wọlé, ilé á tutù fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí oṣù kan. Lẹ́yìn náà, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í le, gbogbo ará ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í rọra rìn, ó sì tún dé. Ọmọ tó bá rí i pé ó ń yí po kò ní fi àkókò ẹ̀bẹ̀ ka ìyípadà mọ́.

Àwọn òwe wa ńkọ́?

Ní apá yìí, ẹ má kánjú. Ẹ ní kí àwọn ọmọ mú ọ̀rọ̀ tí àgbà máa ń sọ fún obìnrin tí wọ́n lù wá. Wọ́n á mú wọn wá yára: "Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́." "Fara dà á nítorí àwọn ọmọ ẹ." "Ahọ́n àti eyín ń jà." Ẹ má ṣe sọ fún ọmọ Yorùbá pé òwe bàbá rẹ̀ kò wúlò, kò ní gbọ́ ohun mìíràn lẹ́nu yín mọ́. Ẹ jẹ́ kó wọ inú òwe náà lọ. Ahọ́n àti eyín ń jà lóòótọ́. Èwo nínú àwọn méjèèjì ló máa ń gbọgbẹ́? Èyí tó ń gbọgbẹ́ kì í yí padà láé: eyín ló ń gé ahọ́n jẹ, ahọ́n kò bu eyín jẹ rí. Ibi tó bá ti jẹ́ pé ẹnì kan náà ló ń ṣẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, ìjà kọ́ nìyẹn. Ní ti ilé ẹ̀kọ́, ẹ bi wọ́n pé ẹ̀kọ́ wo ni ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ń kọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń lù ú. Lẹ́yìn náà, ẹ mú òwe tó wà ní apá kejì wá: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó wà ní yàrá kejì tó ń gbọ́ igbe tí kò kan ilẹ̀kùn, ọjà ló wà yẹn.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ Osinachi Nwachukwu, olórin ẹ̀mí, wá. Ẹ sọ òótọ́ rẹ̀ ní ṣókí kí àhesọ má baà gba yàrá: ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ gíga Àbújá dá ọkọ rẹ̀ lẹ́bi ikú rẹ̀, ó sì dájọ́ ikú fún un. Ẹ padà sórí Tina.

Ní ti àwọn ọmọkùnrin, ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí àgbà máa wò wọ́n bí ẹni tó máa lu ìyàwó lọ́la. Wọ́n á pa ẹnu mọ́ tàbí kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kì í sábà jẹ́ ìwà burúkú; ojú ló ń tì wọ́n, àwọn mìíràn sì ń fi bo ẹkún. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n lè ṣe bí ọ̀rẹ́ wọn bá ń yẹ fóònù ọmọbìnrin tó ń fẹ́ wò tàbí tó ń pinnu aṣọ tó máa wọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwọn wà. Ẹ sì rántí pé wọ́n ń na àwọn ọmọkùnrin náà nílé, àwọn kan sì ń dí lílù ọwọ́ bàbá nítorí ìyá wọn.

Lẹ́yìn fíìmù, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọrin

Ìṣẹ́jú 20 fún oúnjẹ ni kó kọ́kọ́ wá: pọfupọ́ọ̀fù, sobo tútù, ìrìn díẹ̀ nínú ọgbà. Ọmọ tó ṣì ń gbọ̀n kò gbọdọ̀ lọ gun ọ̀kadà.

Lẹ́yìn náà, ẹ lo ẹkún ìyàwó. Ó ti wà lẹ́nu wa pé kí ọmọbìnrin tó ń lọ ilé ọkọ máa sun ẹkún, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, kó sì sọ ẹ̀rù rẹ̀ jáde. Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́rin, márùn-ún márùn-ún, akọ àti abo, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìlà mẹ́rin tí ẹni tó ń lọ máa sun. Ẹgbẹ́ ló ń kọ ọ́, kì í ṣe ẹnì kan, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé ti ilé lágbájá nìyí. Ẹ lè fi èyí bẹ̀rẹ̀ fún wọn:

Ìyá mi, bí mo bá dé ọ̀hún,
Kí ọwọ́ tó gbà mí má di ìkúùkù.
Bó bá di ìkúùkù, ìyá mi,
Ẹ má ti ilẹ̀kùn, mò ń padà bọ̀.

Bí ẹ bá mọ onílù dùndún kan ládùúgbò, ẹ pè é. Ẹ ní kó fi ìlù sọ ìlà tó kẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ sókè, kí àwọn ọmọ tó kù máa méfò ohun tó sọ. Wọ́n á gbọ́ orí ohùn *ẹ má ti ilẹ̀kùn* kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò la ẹnu láti àárọ̀ máa ń la ẹnu níbí.

Bí ọmọ bá wá bá yín

Ó lè jẹ́ nígbà tí ẹ ń kó àga. Ẹ gbé ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀, kí ẹ jókòó níbi tí wọ́n ti lè rí yín ṣùgbọ́n tí wọn kò lè gbọ́ yín. Ẹ sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ pé bí ó bá jẹ́ ohun tó lè ṣe é léṣe, ẹ máa sọ fún ẹnì kan tó lè ràn án lọ́wọ́, ẹ ó sì jẹ́ kó mọ ẹni náà. Ẹ má búra pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá wá sọ, kò ní bá àgbà kankan sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ gbọ́. Ẹ má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ sọ: "Mo gbà ẹ́ gbọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ. O ṣeun tí o sọ fún mi." Ẹ má bèèrè "kí lo ṣe fún un?" Ẹ má fi "ṣé ó ṣe báyìí-báyìí?" sí i lẹ́nu, torí ó lè ba ẹjọ́ jẹ́ lẹ́yìn ọ̀la. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni dandan: "Ṣé ilé á ṣeé sùn lónìí?" Bó bá ní rárá, ẹ pe wẹ́fíà lójú rẹ̀, kó má sì lọ sílé títí àgbà tó lè dáàbò bò ó á fi dé. Bó bá sọ pé ó ti sú òun, ẹ bi í ní tààràtà bóyá ó ti ronú láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yìí kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Ó máa ń sọ ọ́ kalẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ọsibítù ni.

Bí wọ́n bá fipá bá a lò pọ̀, aago ń lọ. Láàárín wákàtí 72 ni oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, bó bá sì ṣe yá tó ni ó ṣe dáa tó. Kó má tíì wẹ̀, kó má fọ aṣọ. Ẹ kó aṣọ náà sínú àpò páálí, ẹ má kó o sínú ọ̀rá, torí ọ̀rá ń mú un rin, ẹ̀rí á sì bà jẹ́.

Ẹ má pe bàbá wá "kí a yanjú rẹ̀". Ẹ má ní kí pásítọ̀ tàbí àlùfáà bá tọkọtaya náà jókòó pa pọ̀. Àdúrà dáa, kí ẹ gbà á fún ọmọ náà bó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kó má rọ́pò ìpè tí ẹ gbọ́dọ̀ pè.

Nọ́ńbà tí ẹ bá fún un lè kó o sí wàhálà bí wọ́n bá rí i. Ẹ fi pamọ́ sínú fóònù rẹ̀ ní orúkọ tí kò ní mú ìfura wá, bí "Ìyá Aláṣọ", kí ẹ sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pa àkọsílẹ̀ ìpè rẹ́. Bó bá jẹ́ fóònù ìyá tàbí bàbá ló ń lò, kó há nọ́ńbà náà sórí. 112 àti 627 kò ṣòroó há.

Lẹ́yìn tó bá lọ, ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, ní èdè tó fi sọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Orí ìwé ni kó wà, kì í ṣe orí fóònù, kí ẹ sì tì í mọ́ inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ wá ọ̀nà tó bá ti ojoojúmọ́ mu láti rí ọmọ náà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ rán an níṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì tàbí ìwé bí ẹ ti máa ń rán àwọn yòókù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kó gbogbo 20 jọ fún ìṣẹ́jú 30 pẹ̀lú onílù yẹn, kí wọ́n tún orin wọn kọ. Àwọn kan máa ń dúró di ọjọ́ yìí kí wọ́n tó wá, nítorí náà kí àwọn àgbà mẹ́ta náà tún jókòó títí di aago mẹ́ta.